Bí Ìlú Ìbìní Ti Bá Wa Kọ́ Ajá Wa

Ó ti pẹ́ tí olóòtú ìwé ìròyìn wa yìí ti ń bẹ̀ wá pé kí a kọ díẹ̀ nípa ìlú tí à ń gbé, nítorí pé àwa òṣìṣẹ́ rélùwéè, ẹsẹ̀ wa kì í gbélé. A ti ń fi í falẹ̀, nítorí ìwé mẹ́fà ni a kà, a kò sì fẹ́ kí àwọn ọ̀mọ̀wé inú ẹgbẹ́ fi wá ṣe ẹ̀fẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún tí ó kọjá, ohun kan ṣẹlẹ̀ ní àgbàlá wa tí ó mú kí a rin ìlú Ìbìní já ju bí a ti rìn ín láti ọdún mẹ́jọ tí a ti dé ibẹ̀ lọ. Ajá ni ó fà á. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí a rò ó fún yín.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ wá mọ̀ pé Agbor ni a ti ń ṣe akọ̀wé, ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin tí ó ń ti Warri lọ sí Itakpe. Ọdún 1987 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ojú irin náà, ọdún 2020 ni ó sì tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò. Kò gba Ìbìní kọjá. Nítorí náà, bí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ bá parí, àwa tí à ń já tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin fún ẹlòmíràn, mọ́tò ni àwa fúnra wa ń wọ̀ relé. Orí òkè Ikpoba ni ilé wa wà. Kí mọ́tò tó sọ̀ dé afárá odò ni a ó ti sọ̀kalẹ̀, tí a ó sì máa gbọ́ ohùn àwọn ọmọ tí wọ́n ń sáré bọ̀ wá pàdé wa.

Lọ́jọ́ kan, kì í ṣe ọmọ nìkan ni ó sáré bọ̀. Ọ̀gá kan tí ó ń padà sí ìlú rẹ̀ ni ó fi ajá kékeré kan sílẹ̀ fún wa. Kò ga ju garawa omi lọ. Funfun ni, etí rẹ̀ kan pupa, irun ẹnu rẹ̀ sì le bí irùngbọ̀n bàbá àgbà. Ìyá rẹ̀ jẹ́ ajá Òyìnbó, irú èyí tí wọ́n ń pè ní tẹ́ríà. Ní ti bàbá rẹ̀, a gbà pé ekùkè àdúgbò ni. Àwọn ìbejì wa fò sókè fún ayọ̀. Ìyá Ìbejì kò fò. Oyún wà nínú rẹ̀ nígbà náà, ó sì wí pé òun kò lè máa wo ojú ajá àti ojú ọmọ tuntun pọ̀. A sọ ajá náà ní Tanímọ̀la, gẹ́gẹ́ bí àṣà wa tí a fi ń sọ ajá ní orúkọ tí ó ní ọ̀rọ̀ nínú. Aládùúgbò kan bi wá bóyá òun ni à ń bá wí. Àwọn ará Ẹdó inú àgbàlá kò tilẹ̀ yọ ara wọn lẹ́nu, Bingo ni wọ́n ń pè é.

Ẹ̀yin ará, a fẹ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ wa. A kò kọ́ ajá náà ní nǹkan kan. Bí ó bá fò mọ́ àlejò, a ó rẹ́rìn-ín. Bí ó bá já bàtà jẹ, a ó ní ọmọdé ni. Nítorí pé ó kéré, a rò pé ohun tí ó bá ṣe kò lè tóbi. Bí ó bá jẹ́ pé ajá ńlá ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀, a kò ní sùn mọ́jú kí a tó wá nǹkan ṣe sí i.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, ọmọ ọmọ bàbá onílé wa, ọmọbìnrin ọmọ ọdún márùn-ún, fa egungun lẹ́nu rẹ̀. Ajá náà gé e jẹ lọ́wọ́. Ẹ̀jẹ̀ jáde. Igbe ọmọ náà kò tíì kúrò ní etí wa títí di òní.

A fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, nítorí pé ìyẹn ni a ti máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn oníṣègùn, lẹ́yìn náà a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ó gba abẹ́rẹ́. Tanímọ̀la ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi tirẹ̀, káàdì rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ wa, síbẹ̀ wọ́n ní kí a so ó mọ́lẹ̀ kí a sì máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ 10. Ọjọ́ mẹ́wàá náà gùn ju ọdún lọ. Ẹ̀yin òbí, ẹ gbọ́ o: dìgbòlugi kì í ṣe àrùn tí a fi ń ṣeré. Bí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára ènìyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tí ó ń yè é. Ṣùgbọ́n bí a bá tètè fọ ojú egbò, tí a sì tètè gba abẹ́rẹ́, kò ní í wọlé. Láti ọdún 1885 tí Louis Pasteur ti gún ọmọkùnrin Joseph Meister ní abẹ́rẹ́ náà ní ilẹ̀ Faransé ni ayé ti mọ ọ̀nà yìí. Ẹ má fi ata tàbí epo sí ojú egbò, ẹ má sì jókòó máa wò ó.

Ní ọjọ́ kọkànlá, bàbá onílé ránṣẹ́ pè wá. Àgbà ọmọ Ẹdó ni wọ́n, wọ́n ti gbé Ìbàdàn rí, wọ́n sì gbọ́ èdè wa dáadáa. A dọ̀bálẹ̀, a kí wọn ní “Kóyo.” Wọn kò bú wa.

“Bàbá Ìbejì,” wọ́n ní, “ọmọ mi ti sàn, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ajá tí kò ní ẹ̀kọ́ kò lè bá ọmọ mi gbé inú àgbàlá kan náà. Mo fún ọ ní oṣù mẹ́ta. Bí ó bá kọ́gbọ́n, kò burú. Bí kò bá kọ́gbọ́n, kí o wá ibòmíràn fún un.”

Oṣù mẹ́ta. Arákùnrin wa kan nínú ẹgbẹ́, ọmọ Oǹdó, wí pé kí a má da ara wa láàmú, òun mọ ibi tí ajá náà máa lọ. Ẹ̀yin náà mọ bí àwọn ará Oǹdó ti fẹ́ràn lókili tó. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àwọn ìbejì kò rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbé ajá wọn wọ yàrá lọ.

A tọ dókítà ẹran tí ó gún ajá náà ní abẹ́rẹ́ lọ. Ó wí pé kí a kọ́kọ́ mọ irú ẹni tí à ń bá gbé. Ọ̀rọ̀ tẹ́ríà, láti ara ọ̀rọ̀ èdè Látìnì tí ń jẹ́ terra, ìyẹn ilẹ̀, ni ó ti wá, nítorí iṣẹ́ ajá náà ni láti wọ inú ihò lọ lé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ jáde àti láti máa pa eku. Àlùfáà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, John Russell ará Devon, ni irú èyí tí wọ́n ń pè ní Jack Russell fi orúkọ rẹ̀ jẹ́. Nínú ihò lábẹ́ ilẹ̀, kò sí olówó ajá tí yóò pàṣẹ fún un. Ọgbọ́n orí tirẹ̀ ni ó ń lò. Nítorí náà, bí ó bá kọ etí dídi sí wa, kì í ṣe pé ó gọ̀. Bí wọ́n ti dá a nìyẹn. Ẹni tí yóò kọ́ ọ ní láti mú kí ìgbọràn dùn ún ju àìgbọràn lọ.

Dókítà náà tún sọ fún wa pé ní ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n ń fi ìgbọràn ajá díje bí àwa ti ń fi eré sísá díje. Arábìnrin kan ní Amẹ́ríkà, Helen Whitehouse Walker, ń sin ajá poodle, àwọn ènìyàn sì ń wí pé irun dídì nìkan ni irú ajá bẹ́ẹ̀ mọ̀. Ní ọdún 1933 ó pe ìdíje àkọ́kọ́ ní Mount Kisco, ní ìpínlẹ̀ New York. Ajá 8 ni ó wá. Ní 1936 ẹgbẹ́ American Kennel Club ṣe òfin fún un, ní 1937 òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Blanche Saunders sì fi mọ́tò rin Amẹ́ríkà já láti fi í han àwọn ènìyàn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó wọ inú àfihàn Crufts ní 1955. Máàkì 200 ni wọ́n ń fún ajá tí kò ṣìṣe rárá. Ajá tí kò bá tó 170 kò yege. Ohun tí wọ́n ń bi àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kò ju èyí lọ: kí ajá máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ òsì olówó rẹ̀ láìfa okùn, kí ó dúró jẹ́ẹ́ kí àjèjì fọwọ́ kàn án, kí ó jókòó níbi tí a bá fi í sí, kí ó sì wá tààrà bí a bá pè é.

Nígbà tí a gbọ́ èyí, a wí nínú ara wa pé ohun tí bàbá onílé ń fẹ́ náà kọ́ nìyí? Ó kàn jẹ́ pé kò mọ̀ pé wọ́n ń fún un ní máàkì ni.

Báyìí ni a bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ìṣẹ́jú márùn-ún, ní òwúrọ̀ kùtùkùtù àti ní ìrọ̀lẹ́, nítorí pé ọ̀dà ojú títì a máa jó ẹsẹ̀ ajá ní ọ̀sán. A gé ẹ̀dọ̀ sísè wẹ́wẹ́ bí èékánná ọmọdé. A kò so okùn mọ́ ọn lọ́rùn, nítorí pé ọ̀fun ajá kékeré kò le. Àyà ni a ń so ó mọ́. Bí a bá dúró gangan lórí rẹ̀, ẹ̀rù a máa bà á, nítorí pé bí ọ̀pẹ ni a rí lójú rẹ̀. Nítorí náà a kúnlẹ̀. Àwọn aládùúgbò tí ń kọjá rí akọ̀wé rélùwéè tí ó kúnlẹ̀ níwájú ajá ní aago mẹ́fà òwúrọ̀, wọ́n sì rò pé àdúrà ni à ń gbà. Wọn kò jìnnà sí òótọ́.

Láàárín ọ̀sẹ̀, nígbà tí a bá wà ní Agbor, àwọn ìbejì ni ó ń kọ́ ọ. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Àwa ń wí pé “Jókòó,” àwọn ìbejì ń fi Gẹ̀ẹ́sì ilé ẹ̀kọ́ wí i, àwọn ọmọ àgbàlá ń fi Ẹdó àti píjìn wí i. Ajá náà wo ẹnu gbogbo wa, ó dùbúlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó burú jù ni “Wá.” Nínú ilé Yorùbá, ìgbà mélòó ni à ń wí i lójúmọ́? Wá jẹun, wá gba owó, wá wo ohun tí o ṣe. Tanímọ̀la sáré wá títí, kò rí ẹ̀dọ̀, kò rí ẹnì kan tí ó pè é, ó sì pinnu pé ọ̀rọ̀ náà kò ní ìtumọ̀.

Ìyà ọ̀rọ̀ náà jẹ wá ní etí Iya. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú yìí, Iya ni àwọn ará Ẹdó ń pe yàrà ńlá tí àwọn baba wọn gbẹ́ yí ìlú ká láyé àtijọ́. Ọwọ́ lásán àti irin iṣẹ́ oko ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, ó sì jin débi pé ibi tí ó ṣẹ́kù lónìí ṣì ń ba ènìyàn lẹ́rù láti wò. Ní ìrọ̀lẹ́ kan a tú okùn lára ajá náà nítòsí ibẹ̀. Ó gbọ́ òórùn òkété, ó sì bọ́ sínú yàrà. A ní “Wá, Tanímọ̀la, wá!” Erùpẹ̀ nìkan ni a rí tí ń fò sókè. Ilẹ̀ ṣú. Àwọn ìbejì ń sunkún. Àwọn baba wa wí pé ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, a sì dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ìtìjú, nítorí àwa kò tilẹ̀ ní fèrè. Ó lé ní wákàtí kan kí ó tó gòkè wá, ó dúdú bí ẹni tí ó ti ilé ẹyin èédú jáde, inú rẹ̀ dùn.

Fèrè! A kò sùn tán kí ojú wa tó là. Ta ni ó yẹ kí ó mọ iṣẹ́ fèrè ju òṣìṣẹ́ rélùwéè lọ? Bí fèrè bá dún ní ibùdó wa, kò sí ẹni tí ń bi í pé kí ni ó túmọ̀ sí. A ra fèrè kékeré kan, a sì ṣòfin fún gbogbo ilé pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọn ọ́n ṣeré. Fífọn lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀dọ̀ ti dé. Lójoojúmọ́, nínú yàrá ní àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní àgbàlá, lẹ́yìn náà ní ojú títì pẹ̀lú okùn gígùn. A kò fọn ọ́n rí kí ó wá kí a sì nà án. Ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi èyí sọ́kàn, ó wúlò fún ọmọ ènìyàn pẹ̀lú: ẹni tí o bá ń nà nígbàkigbà tí ó bá jẹ́ ìpè rẹ, yóò kọ́ bí a ti í sá.

Nígbà tí ó mọ̀wé ilé tán, a mú un lọ sí ìgboro. Ọjà Ọba ni ilé ẹ̀kọ́ “Fi í sílẹ̀.” Kí ajá rìn kọjá níwájú àwọn alápatà láìna imú, ìyẹn le ju ìdánwò ìwé mẹ́fà lọ. Ọjọ́ kìíní a kò kọjá igbá kan. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta àwọn obìnrin ọjà ti ń ṣàtẹ́wọ́ fún un. Láti ibẹ̀ a bọ́ sí oríta ńlá tí gbogbo wa ń pè ní Ring Road, tí orúkọ rẹ̀ gan-an jẹ́ Oba Ovonramwen Square, ní ìrántí ọba tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó lọ sí Calabar ní 1897, tí ó sì kú síbẹ̀ ní 1914. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wà láàárín rẹ̀, mọ́tò sì ń yí i ká láti àárọ̀ di alẹ́. Níbẹ̀ ni a ti kọ́ ọ pé kí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wa bí ariwo ti wù kí ó pọ̀ tó.

Òpópó Igun ni ó kẹ́yìn, níbi tí àwọn asúdẹ ti ń ṣe iṣẹ́ àwọn baba wọn. Àgbàlagbà kan wo ajá wa láti orí dé ìrù. “Ẹran Ògún ni ẹ ń fà kiri yìí,” ó wí, ó sì rẹ́rìn-ín. Ògún tí à ń bọ nílé ni wọ́n ń bọ níbẹ̀ pẹ̀lú, ajá sì ni oúnjẹ rẹ̀. A sún mọ́ ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin kan tí ó ń fi ìda oyin ya ojú ọba. Ó fi hàn wá bí yóò ti fi amọ̀ bo ìda náà, tí yóò fi iná yọ́ ìda kúrò, tí yóò sì da idẹ gbígbóná sí ipò rẹ̀. A bi í léèrè bí àṣìṣe bá wà ńkọ́? Ó ní, “Inú ìda ni ẹ ti ń tún un ṣe. Bí idẹ bá ti wọlé, ó parí.” A wo ajá wa, a wo àwọn ìbejì wa, a kò sọ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ náà ti tó wa gbé lọ sílé.

Oṣù mẹ́ta ku ọ̀sẹ̀ kan nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ dókítà ẹran pe àwọn olájá jọ ní pápá ilé ẹ̀kọ́ kan láti fi ìgbọràn díje, ní ìlànà ti òkèèrè. Ajá meje ni ó wá: Alsáṣíà, Rottweiler, Boerboel tí orí rẹ̀ tó ìkòkò ọbẹ̀, àti Tanímọ̀la. Nígbà tí a gbé e sọ̀kalẹ̀ láti inú mọ́tò, ẹnì kan bèèrè bóyá oúnjẹ àwọn yòókù ni. Bàbá onílé wá, wọ́n di ọmọ ọmọ wọn lọ́wọ́ mú. A kò pè wọ́n; àwọn ìbejì ni ó lọ sọ fún wọn.

Ó rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa dáadáa. Àjèjì fọwọ́ kàn án, kò mira. Nígbà tí ó di ìjókòó ìṣẹ́jú kan, ìyá alákàrà kan gba ẹ̀gbẹ́ pápá kọjá. Tanímọ̀la fara dà á títí ó fi ku díẹ̀, ó sì dìde. Máàkì lọ. Ẹ̀yìn èyí ni ìpè. A fi í sí òpin pápá. Bí a ti fẹ́ fọn fèrè báyìí ni ewúrẹ́ méjì sáré gba iwájú rẹ̀, gbogbo àwọn ọmọ sì hó yèè. A rántí Iya, ọkàn wa sì já. A fọn ún lẹ́ẹ̀mejì. Ó wo ewúrẹ́. Ó wo wa. Ó sì wá tààrà bí ọkọ̀ tí ó wà lójú irin, ó jókòó síwájú ẹsẹ̀ wa.

Kò gba ipò kìíní. Alsáṣíà ni ó gbà á, ó sì tọ́ sí i. Ipò kẹrin ni tiwa. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ń di ẹrù, ọmọ tí ó gé jẹ dúró lókèèrè, ó ń wò ó. A bi bàbá rẹ̀ àgbà léèrè, wọ́n mi orí. A fún ọmọ náà ní ẹ̀dọ̀ díẹ̀, a ní kí ó la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, kí ó sì wí pé “Jókòó.” Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ. Ajá náà jókòó. Ọwọ́ ọmọ náà gbọ̀n, àpá sì wà lára rẹ̀ síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò fà á sẹ́yìn.

Bàbá onílé kò sọ pé àwọn dárí jì wá. Wọ́n kàn wí pé, “Bàbá Ìbejì, má jẹ́ kí ọmọ fa egungun lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ẹ kọ́ ọmọ náà pẹ̀lú.” Òótọ́ ni. Láti ìgbà náà, gbogbo ọmọ àgbàlá wa ti mọ̀ pé a kì í fọwọ́ kan ajá tí ń jẹun tàbí tí ń sùn.

Ìròyìn ilé: inú wa dùn láti sọ fún ẹgbẹ́ pé Ìyá Ìbejì bí obìnrin làǹtìlanti, tìyá tọmọ wà ní àlàáfíà. A dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tí ó wá sí ìkómọ, pàápàá àwọn ìyá ẹgbẹ́ tí wọ́n dáná. Tanímọ̀la kì í wọ yàrá ọmọ. Ẹnu ọ̀nà ni ó ń dùbúlẹ̀ sí, ìyá ọmọ fúnra rẹ̀ ni ó sì tẹ́ àpò ìrẹsì àtijọ́ síbẹ̀ fún un. A kò fi ajá àti ọmọ nìkan sílẹ̀ pọ̀ rí, bí ìgbọràn rẹ̀ ti wù kí ó tó.

Ẹ̀yin olájá inú ẹgbẹ́, ẹ gún ajá yín ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi bí ó bá ti pé oṣù mẹ́ta, kí ẹ sì máa tún un ṣe gẹ́gẹ́ bí dókítà ẹran bá ti sọ. Ẹni tí ó bá ń fẹ́ kọ́ ajá rẹ̀, ilé wa ṣí sílẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé. Ẹ mú ẹ̀dọ̀ tiyín wá. Ní ti arákùnrin wa ọmọ Oǹdó, a kí i, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn géètì ni a ó ti gbà á ní àlejò.

Ó dìgbà kan ná. Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ àwọn ọmọ wa.